Pípo Sẹ́ẹ̀lì: Ọwọ́ Ni Tàbí Ẹ̀rọ?

Àwọn òbí kan nínú ẹgbẹ́ ti bi wá léèrè ohun tí títẹ ẹ̀yà ara jẹ́, tí àwọn ọmọ wọn ń kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara ènìyàn. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Àwọn onímọ̀ a máa po sẹ́ẹ̀lì alààyè mọ́ ohun tí ó ki bí ẹ̀kọ mímu, ẹ̀rọ a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele. Ní ọdún 2003, Thomas Boland àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2022, a kéde níbẹ̀ pé a ti tẹ etí láti inú sẹ́ẹ̀lì obìnrin kan tí a bí pẹ̀lú etí tí kò pé, a sì ti fi í sí i lára. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Pípò yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé àmàlà tí a kò rò dáadáa yóò ní kókó. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ pò ó a so sírínjì méjì pọ̀ lẹ́nu, a máa tì í lọ, tì í bọ̀. Ọwọ́ mọ̀ bí ó ti ki tó, kò sì fi nǹkan ṣòfò. Ṣùgbọ́n agbára òní kì í ṣe ti ọ̀la. Afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì lè ṣù jọ síbì kan, kí ibòmíràn ṣófo. Bí a bá sì tì í jù, sẹ́ẹ̀lì á kú.

Ìwọ̀n kan náà ni ẹ̀rọ fi ń tì í nígbà gbogbo, nítorí náà iṣẹ́ òní á bá ti àná mu. Síbẹ̀, díẹ̀ a máa kù sínú ọ̀pá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣọ̀wọ́n. Bí a bá sì sọ fún un pé kí ó yára jù, yóò pa sẹ́ẹ̀lì láìmọ̀.

Lójú tiwa, ọwọ́ dára fún ìdánwò kékeré. Ẹ̀rọ ni ó yẹ fún ohun tí yóò wọ ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí a bá lò, kí a fi aró yẹ̀ ẹ́ wò: ààyè sẹ́ẹ̀lì a hàn ní àwọ̀ ewé, òkú a pọ́n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ pọ̀. Ìkíni fún àwọn tí ó bímọ àti àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó wà ní ojú ewé tí ó kàn.