Oúnjẹ Tí A Pa Tì Ni Ayé Ń Wá Kiri

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú ìbẹ̀wò tí a ń ṣe sí ilé àwọn ará ní Ìbà Estate, Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmaikò, àìsàn mẹ́ta ni a ń bá pàdé jù: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti rọpárọsẹ̀. Kì í ṣe arúgbó nìkan ni wọ́n ń dá dúbúlẹ̀ mọ́. Baálé ilé tí kò tí ì pé 50 ọdún ni ìyàwó ń fi ṣíbí bọ́, tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ti di ẹrù ìnira.

À ń gbàdúrà fún aláìsàn, a kò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbàdúrà kí iná kú, tó tún ń da epo sí i, kí ni kí a ti wí fún un?

Ní ìlú òyìnbó lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó nára nítorí irú oúnjẹ kan. Ohun tó ti inú ilẹ̀ hù jáde ni wọ́n ń jẹ: ẹ̀wà, ọkà, ẹ̀fọ́, èso, iṣu àti ẹ̀pà. Wọ́n fẹ́ ẹ ní odindi, láìsí ẹran, ẹyin tàbí wàrà nínú rẹ̀, láìsí pé ẹ̀rọ ti bó o láwọ̀ kí wọ́n tó fi ṣúgà, iyọ̀ àti òróró kún un. Ẹ wò ó dáadáa. Bí a bá yọ ẹja kékeré inú ọbẹ̀ kúrò, àwo ìyá wa àgbà ni wọ́n ń júwe!

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ÌBÀDÀN

Kò yẹ kí a lọ jìnnà wá ẹ̀rí. Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ṣíwájú, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, tí Dókítà Hugh Hendrie ṣíwájú. Wọ́n ń wo àwọn àgbà tó ti pé 65 ọdún ní àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis. Àrùn ọpọlọ tó ń mú àgbà ṣarán ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun dolóògbé ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń bá a lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà n'Ìbàdàn, bíi 14 ni àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, bíi 32 ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀ láàrin àwọn ti Ìbàdàn tó ti ọ̀hún.

Ní 1997, àwọn tí Dókítà Richard Cooper ṣíwájú ti tẹ èsì mìíràn jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn 16 nínú 100 àgbàlagbà ni wọ́n bá a lára wọn. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, 26. Láàrin àwọn dúdú Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Bí ìgbé ayé ti ń jìnnà sí ti ilé ni àìsàn ń pọ̀ sí i.

A kò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á. Àwọn àgbà Ìdíkàn ń rìn, wọn kò sì sanra bí àwọn ti òkè òkun. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kò ní ọ̀rá púpọ̀: iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ni. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Indianapolis ti dé Ìbà báyìí. A kò wọ ọkọ̀ òfuurufú, síbẹ̀ oúnjẹ wọn ti wà lórí tábìlì wa.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́ NÍNÚ ARA

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Búrẹ́dì funfun àti tíì olóṣùgà ló fi ń ṣíná ẹnu, míńírà ló ń mu nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, indomí sì ni ó ń jẹ sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ikùn kún, ṣùgbọ́n ara kò rí nǹkan gbà.

Èèpo àti fọ́nrán inú oúnjẹ, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáíbà, kì í jẹ́ kí ṣúgà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń bá ara gbá ọ̀rá dànù, ó sì ń bọ́ àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń ṣe ìfun lóore. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún ní potassium, tó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti lé iyọ̀ àpọ̀jù jáde. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà. Bí ẹ̀rọ bá ti bó èèpo kúrò, ìyẹ̀fun tó ń sáré di ṣúgà nínú ara ló kù. Kódà nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, eèrí tó ní fáíbà ni à ń dà fún ewúrẹ́!

Ní 2015, Dókítà Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì kan jáde tó yani lẹ́nu. Wọ́n mú 20 dúdú Amẹ́ríkà àti 20 ará abúlé Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ti Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ oní-fáíbà tí ọ̀rá rẹ̀ kéré. Àwọn ti Áfíríkà jẹ ẹran àti ọ̀rá. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì náà, àwọn àmì ewu jẹjẹrẹ ìfun dínkù lára àwọn ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì pọ̀ sí i lára àwọn ti Áfíríkà. Ẹ ò rí i pé ara kì í pẹ́ dáhùn!

ṢÉ ẸRAN NI IYÌ?

Ohun tó ń dá wa dúró jù kì í ṣe àìmọ̀, ìtìjú ni. Àlejò dé, a ní a kò lè gbé ẹ̀wà fún un. Ìkómọjáde tí kò ní ẹran ńlá, wọ́n ní ìyà ń jẹ olóde. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ti gba ààwẹ̀ Dáníẹ́lì fún ọjọ́ 21, tí a jẹ ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀wà nìkan, tí ara fúyẹ́, tí oorun sì dùn. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ẹsẹ̀ màlúù ni a fi ṣí i! Bí ó bá ṣeé ṣe fún ọjọ́ 21, kí ló dé tí kò fi lè ṣeé ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀?

Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tó jẹ́ ti ìjọ Adventist, gbajúmọ̀ fún oúnjẹ tí kò ní ẹran. Àwọn ọ̀dọ́ ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń gboyè jáde. Ẹni tó bá ń bèèrè ibi tí okun yóò ti wá, kí ó wo àdàlú. Ohun tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní i. Ohun tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwo oúnjẹ dá arákùnrin rẹ̀ lẹ́jọ́. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún àwọn ará Róòmù lórí èyí. Ọ̀rọ̀ ìlera là ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ BẸ̀RẸ̀ BÁYÌÍ

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí òkèlè sì kéré. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, ewédú, gbogbo rẹ̀ ló wà ní Ìyànà-Ìbà. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èso àti ẹ̀fọ́ tó 400 gíráàmù lójúmọ́.

Èkejì, ẹ̀wà ti wọ́n, a mọ̀. Ẹ da owó pọ̀, ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ ra àpò kan pín. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ sì da omi náà nù, kò ní máa fẹ́ inú púpọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìrẹsì ọ̀fadà, àgbàdo síse, iṣu tàbí ọ̀dùnkún rọ́pò búrẹ́dì àti indomí.

Ẹ̀kẹrin, iyọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ṣíbí tíì kan lójúmọ́ fún ẹnì kan, màgí wà lára rẹ̀. Irú yóò fún ọbẹ̀ ládùn. Epo pupa dára níwọ̀nba, ẹ má bọ́ ọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa rìn. Ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀ tó. Afẹ́fẹ́ àárọ̀ estate kì í gba owó.

Ẹ ṢỌ́RA O

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dín kù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá pé gbọ́dọ̀ bèèrè kí ó tó yí oúnjẹ padà, torí potassium lè pọ̀ jù fún un. Ẹni tó bá pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn fítámì B12, nítorí kò sí nínú ẹ̀fọ́. Aboyún, ìyá ọlọ́mọ àti àwọn ọmọ kékeré nílò àmójútó pàtàkì. Ọsàn lẹ́yìn ẹ̀wà yóò ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tó ní kí a kó gbogbo ilé ìdáná wa dà nù lọ́la. Ìkòkò ẹ̀wà kan lọ́sẹ̀ yìí, ìdì ẹ̀fọ́ méjì, ìrìn àárọ̀ kan. Kí ẹ sì lọ yẹ ìfúnpá yín wò kí oṣù yìí tó parí, baba àti ìyá pọ̀. Àwọn ọmọ yín nílò yín láàyè, lórí ìdúró. Olúwa yóò fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà kẹ́ wa. Àmín.