Ọpẹ́ Ọkọ sí Aya: Orin Don Williams Kan ní Ọdún 1975

Orin kọ́ńtìrì, tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀, àwọn awakọ̀ akẹ́rù àti àwọn òṣìṣẹ́ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lókìkí púpọ̀ fún ìtàn ọgbẹ́ ọkàn: aya tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ọtí tí wọ́n fi ń pa ìrònú rẹ́, ilé tó jìnnà. Ìdí nìyí tí orin kan tí kò ní ẹjọ́ kankan láti rò, tó jẹ́ pé ọpẹ́ nìkan ni ọkọ ń dú lọ́wọ́ aya rẹ̀ nínú rẹ̀, fi yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Orin náà ni “You’re My Best Friend”, tí Don Williams gbé jáde ní ọdún 1975, tí ó sì gun ipò kìíní lórí àtẹ orin kọ́ńtìrì ti Billboard, ìyẹn ìwé ìròyìn tó máa ń to àwọn orin ní ipò-ipò bí àwùjọ bá ṣe tẹ́wọ́ gbà wọ́n sí.

Kì í ṣe Williams ló hun orin náà. Wayland Holyfield, ọmọ ìpínlẹ̀ Arkansas, ni ó hun ún, nítorí pé ní Nashville, ìlú tó jẹ́ ojúkò orin kọ́ńtìrì ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ẹni tó hun orin sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò gbé e sétí ayé.

Orin yìí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, síbẹ̀ ohun tó kó sínú pọ̀. Ọkọ kojú sí aya rẹ̀, ó ń ka oore rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: òrùka tó fi sí i lọ́wọ́, àwọn ọmọ tó bí, okun tó ń fún un nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ègbè, ìyẹn apá tí àwọn olùgbọ́ máa ń bá akọrin gbè, ó fi aya náà wé àwọn ohun kòṣeémánìí bí oúnjẹ àti ibi ààbò, kí ó tó wá fi ipò ọ̀rẹ́ ṣe olórí gbogbo rẹ̀. Kò síbi tó ti yin ẹyinjú rẹ̀, eyín rẹ̀ tàbí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láàárín Yorùbá, ọpẹ́ oore kì í tán lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ẹni tí a ṣe lóore á dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á tún padà wá sọ pé “ẹ ṣeun àná”, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà á ní ó dà bí olóṣà tó kó ni lẹ́rù lọ. Irú ọpẹ́ àná bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà nínú orin Holyfield, nítorí òrùka ti pẹ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ti wà nílé, kò sì sí ohun tuntun kan tí ọkọ ń tọrọ. Ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin ìfẹ́, olólùfẹ́ ń wá ojúrere. Èyí kò bẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára rẹ̀ wà.

Ohùn Williams, tí wọ́n bí sí ìlú Floydada ní Texas ní ọdún 1939, tún gbé ọ̀rọ̀ náà níyì. Ohùn ìsàlẹ̀ tó jinlẹ̀ ni, kì í pariwo, kì í kánjú, wọ́n sì tìtorí ìwà jẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní “Gentle Giant”, èyí tó túmọ̀ sí òmìrán oníwà pẹ̀lẹ́. Bí ẹlòmíràn bá fi igbe kọ orin yìí, àṣehàn ni ọpẹ́ inú rẹ̀ yóò dà.

Ilẹ̀ Áfíríkà fẹ́ràn Williams gidigidi, ní Nàìjíríà, ní Kẹ́ńyà àti ní Sìmbábúwè, níbi tó ti lọ ṣeré ní Harare ní ọdún 1997. Etí Yorùbá kò sì ṣàjèjì sí ohun èlò kọ́ńtìrì, nítorí pé pedal steel guitar, ìyẹn gìtá àgbélélẹ̀ tí olórin máa ń jókòó tì, tí ó ń fi ọ̀pá irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin abẹ́ rẹ̀ láti yí ohùn padà, ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, tí ayé sì gbọ́ nínú àwo Juju Music ní ọdún 1982.

Ọdún 1960 ni Williams gbéyàwó, ìyàwó kan náà ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017.