Ike wo ni omi kò ní í wọ̀? Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa eré geocaching

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò yín bá ti ìlú òyìnbó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ bá òun wá ike kékeré kan tí omi kò lè wọ̀. Ẹ má rò pé ata ló fẹ́ rọ sí i. Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní geocaching. Ẹnì kan á fi ike pamọ́ síbì kan, á fi fóònù mú àmì ibẹ̀, á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlòmíràn á sì máa fi fóònù tiwọn wá a. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó débẹ̀ sínú ìwé kékeré tó wà nínú ike náà, á sì dá a padà sí ààyè rẹ̀. Kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni ń jẹ, nítorí náà mi ò rí ohun tí a fẹ́ torí ẹ̀ bá ọmọ jà. Ó sàn ju kó jókòó ti tẹlifíṣàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ike yẹn gan-an.

Eré náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà yọ ìdènà tí wọ́n fi sí GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí èèyàn wà. Kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹ̀rọ ọwọ́ aráàlú máa ń ṣì í sọ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé garawa dúdú kan sínú igbó ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó kó ìwé, pẹ́ńsùlù, agolo ẹ̀wà kan àti àwọn nǹkan mìíràn sí i, ó sì kéde àmì ibẹ̀. Garawa yẹn ni baba gbogbo wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú ike tí wọ́n ń lò kò gbà tó omi lítà kan, àwọn mìíràn kò sì ju orí ọmọ ìka lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìdó ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ibi tó ní ìtàn ni àwọn tó ń ṣe eré yìí fẹ́ràn. Erékùṣù ni Ìdó tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó rọ yanrìn dí omi tó yí i ká. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni Olófin tẹ̀dó sí nígbà tó kúrò ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Láti 1901 ni afárá Carter ti so ó mọ́ Erékùṣù Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún afárá náà kọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ibi tó jẹ́: ọ̀sà wà nítòsí, atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́, òjò oṣù Kẹfà kì í mọ níwọ̀n, bí òjò bá sì dá, oòrùn á yọ bí ẹni fẹ́ yan ẹ̀pà. Ike tó lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ igi ní Lọ́ńdọ̀nù lè má lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òjò kàn ń ti òkè jò wọ inú ike ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú afẹ́fẹ́ inú ike gbóná, afẹ́fẹ́ náà á wú, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì sá gba etí ìdérí jáde. Bí òjò bá dé lójijì, ike á tutù, afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ á sún kì, ike náà á sì fẹ́ fa òmíràn wọlé. Bó bá jẹ́ pé omi ló dúró sí etí ìdérí lásìkò yẹn, omi náà ló máa fà. Ìdí nìyí tí ike tí ẹ da omi lé lórí nílé, tí kò jò rárá, fi ń kún fún omi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì níta.

Nítorí náà, ìdérí ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo ike. Ike áísìkiriìmù àti ike bọ́tà kò yẹ: ìdérí wọn kàn gbé orí lé ẹnu ni, oòrùn á sì mú wọn sán láìpẹ́. Ike oògùn tí a ń yí dé kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní wáṣà kankan lábẹ́ ìdérí. Agolo onírin ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ọ̀sà á dípẹtà sí i lára kí ọdún tó yí po. Bákan náà ni àwọn àpótí kékeré tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, tí àwọn òyìnbó fi ń lẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ abẹ́ mọ́tò.

Oríṣi méjì ni èmi fọwọ́ sí. Èkíní ni ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ ní apá mẹ́rin tí a ń tẹ̀ pa, tí rọ́bà rírọ̀ sì yí inú ìdérí náà ká. Ẹ fi ìka yẹ rọ́bà yẹn wò: bó bá yọ kúrò lójú ihò rẹ̀, tàbí tó já níbì kan, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Èkejì kò wọ́n rárá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ìgò máa ń lo ike kékeré kan tó nípọn, tó gùn bí ìka, tí wọ́n máa ń mú gbóná, tí wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ títí á fi di ìgò. Kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, ó ti ní ẹnu ìgò lórí, ìdérí irú ìgò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sì bá a mu. Ìdérí tó lè dá gáàsì inú mínírà dúró, kí ni omi òjò fẹ́ fi ṣe? Ìwé kékeré tí a ká bí ìkámù nìkan ló gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn náà tó.

Ẹ dán èyí tí ẹ bá rà wò. Ẹ ki tíṣù gbígbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ sì rì í sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí tíṣù bá rin bó ti wù kó kéré mọ, ike náà ti kùnà. (Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ìwé ìbí ọmọ tàbí ìwé nìkáà sínú ilé tí àgbàrá máa ń wọ̀ náà lè dán ike tirẹ̀ wò báyìí.) Ẹ fi ìwé inú rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí etí ọ̀rá náà há sí ìdérí, torí ibẹ̀ gan-an ni omi á gbà wọlé. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi síbẹ̀, ooru máa ń mú báírò yọ́ omi. Ẹ má fi súìtì sí i nítorí èèrà.

Èyí tó kù wúwo ju omi lọ. Àwọn òyìnbó máa ń kun ike wọn ní dúdú tàbí àwọ̀ ewé kí ojú má baà tètè rí i. Ní Èkó, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń ki ìgò dúdú tí ìwé wà nínú rẹ̀ bọ ìdí igi, ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé rẹ̀? Wọ́n á ní oògùn ló fẹ́ rì mọ́lẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí àwọn èrò ọjà lè ṣe kí ọlọ́pàá tó dé. Nílùú wọn pàápàá, ní Wetherby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2011, wọ́n ti ìgboro pa, àwọn ṣọ́jà sì fọ́ ike geocaching kan túútúú nítorí wọ́n rò pé bọ́ǹbù ni.

Ike tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ láìṣí i, ni kí ẹ lò. Ẹ fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí i lára pé eré ni, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àgbà kan. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún ẹni tó béèrè nípa ohun tí èèyàn he pé kó mọ ohun tí wọ́n dì í sí àti okùn tí wọ́n fi so ó, kó sì kéde rẹ̀ fún ọdún kan. Ike yìí kì í ṣe ohun tó sọnù, olówó rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ eré náà kò lè mọ̀ bí a kò bá kọ ọ́. Ẹ má sì kọ āyà Kùránì tàbí orúkọ Ọlọ́hun sí ìwé inú rẹ̀: ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yóò wà, wọ́n sì lè pè é ní tìrà.

Òfin eré náà fúnra rẹ̀ ni pé kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí a má sì gbẹ́ ilẹ̀. Ní Ìdó, ìyẹn túmọ̀ sí pé abẹ́ afárá kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú irin náà kúrò. Ẹ bá ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọgbà sọ̀rọ̀, kí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó sì bá yín mójú tó o. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, kí ọmọ náà àti àgbà kan padà lọ ṣí i wò, kí wọ́n nu yanrìn kúrò lára rọ́bà ìdérí, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìwé tó bá ti rin.