Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tó Wọ Àpò: Ṣé Ó Ṣì Wúlò ní Dassa-Zoumè?

Ọjọ́ pẹ́ tí ẹrù tòkunbọ̀ ti ń gba èbúté Kútọ̀nú wọlé. Ọkọ̀, aṣọ, fìríìjì àti ẹ̀rọ oríṣiríṣi tí àwọn ará Yúróòpù ti lò ni wọ́n ń kó gòkè lọ sí àwọn ìlú àárín ilẹ̀. Dassa-Zoumè, ìlú òkè mọ́kànlélógójì, wà ní oríta: níbẹ̀ ni títì tó ti Kútọ̀nú bọ̀ ti pín sí méjì, ọ̀kan ń lọ sí Parakou, èkejì ń gba Savalou lọ sí Natitingou. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan dé, tí ó ní àtẹ bọ́tìnnì tirẹ̀, tí ó sì wọ àpò agbádá, ìbéèrè kan ló yẹ kí olùrà bi ara rẹ̀: iṣẹ́ wo ni ó ṣì lè ṣe lónìí?

Ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Psion Series 5mx. Ilé-iṣẹ́ Psion, tí David Potter dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1980, ni ó gbé e jáde ní 1999, ọdún méjì lẹ́yìn Series 5 tó ṣáájú rẹ̀. Ó fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 350. Ìrántí rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 16 lọ, ojú rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ ju dúdú àti eérú. Ẹni tó bá fi wé tẹlifóònù òde òní yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrántí nìkan ni a fi ń díwọ̀n ẹ̀rọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ fún ìyìn ni àtẹ bọ́tìnnì rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Martin Riddiford. Bí a bá ṣí ìdérí, àtẹ náà á yọ síwájú, ojú ẹ̀rọ á sì fara tì í lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ má bàa ṣubú sẹ́yìn nígbà tí ìka bá kàn án. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń rì, ó sì ń padà sókè bíi ti kọ̀ǹpútà ńlá. Ẹni tó mọ ìtẹ̀wé lè fi ọwọ́ méjèèjì kọ ojú ìwé púpọ̀ láìrẹ̀ ẹ́, ohun tí àtàǹpàkò kò lè ṣe lórí gíláàsì tẹlifóònù.

Ohun kejì ni oúnjẹ rẹ̀. Òkúta tọ́ọ̀ṣì kékeré méjì, irú èyí tí ó wà ní gbogbo ìsọ̀, ni ó fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí a kò bá tan iná ojú rẹ̀. Fún akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń lọ ṣírò kájú tàbí iṣu ní abúlé ẹ̀yìn òkè, níbi tí iná mànàmáná kò dé, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Ìwé kíkọ, tábìlì ìṣirò, kàlẹ́ńdà àti àkójọ orúkọ ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Bí òkúta méjèèjì bá kú, tí òkúta róbótó tó ń ṣọ́ ìrántí náà sì ti kú, gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí á parẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a tọ́jú iṣẹ́ sórí káàdì CompactFlash tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Okùn pẹlẹbẹ tó so ojú ẹ̀rọ mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú a máa já nítorí ṣíṣí àti pípadé. Ìlà á wá gba ojú ẹ̀rọ kọjá títí kò fi ní ṣeé kà mọ́. Psion fi ọjà yìí sílẹ̀ ní 2001, nítorí náà ara ẹ̀rọ mìíràn tó ti bàjẹ́ ni alátùn-únṣe sábà máa ń ti yọ ẹ̀yà.

Ìdánwò tó le jù ni ti èdè. Ẹ̀rọ yìí mọ lẹ́tà Faransé, nítorí náà ó lè fi àmì ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sórí a, e, i, o àti u. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kò sì ní ɛ àti ɔ tí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lò, nítorí pé Unicode kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í kọ oríkì tí àgbà Ìdáàṣà kan ń kì yóò rí i pé ọkọ ìyàwó ti di oko iṣu, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko á sì di ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ lójú àgbà. Ó lè fi àmì mìíràn dípò, kí ó sì fi kọ̀ǹpútà ńlá tún un ṣe nílé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì nìyẹn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni BlackBerry ti Kánádà. Òun náà ní bọ́tìnnì tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2022, ilé-iṣẹ́ náà fòpin sí ìtìlẹ́yìn fún àwọn tó ń lo ètò BlackBerry àtijọ́. Láti ìgbà náà, ìpè àti ìfiránṣẹ́ kò dájú lórí wọn mọ́. Psion kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni: ohun tó ń ṣe ní 1999 ni ó ń ṣe lónìí.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó ṣe ìdánwò mẹ́rin kí ó tó sanwó. Kí ó fi òkúta tuntun sí i. Kí ó ṣí i, kí ó pa á dé nígbà mẹ́wàá, kí ó máa wò bóyá ìlà yóò yọ lójú rẹ̀. Kí ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ó fi pamọ́ sórí káàdì bí ọ̀rọ̀ lásán, kí ó sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, nítorí àwọn ètò ìkọ̀wé òde òní kì í sábà ka irú fáìlì ti Psion fúnra rẹ̀.

Bí ó bá yege, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, yóò wúlò fún ìṣirò àti fún ìwé Faransé ní oko. Ní ti oríkì àti ìtàn ìdílé, ìwé àkọsílẹ̀ àti bíìkì ṣì sàn jù ú lọ: wọn kì í gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà.