Ọdún Kan Lóko Kòkó, Máṣíìnì Kan Lowó Iṣẹ́

Ẹni tó bá dé ìgbèríko Oǹdó, Ìdànrè tàbí Òkè-Igbó kò ní pẹ́ dá wọn mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, àdá lọ́wọ́, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Tọ́jọ́ ọjà bá pé, gààrí, iyọ̀, ẹja gbígbẹ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń rà, ìka ni wọ́n sì fi ń nájà. "Ọmọ Tógò" làwọn ìyá ọlọ́jà ń pe gbogbo wọn, ì báà jẹ́ ilẹ̀ Benin lẹni náà ti wá.

Oko kòkó ni wọ́n wá ro. Ọdún kan gbáko ni ọ̀pọ̀ wọn á fi ṣe é kí ọwọ́ wọn tó ba èrè. Tọ́dún ọ̀hún bá sì pé, owó kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Máṣíìnì tuntun ni, alùpùpù tí àwa ń fi ṣe ọ̀kadà níbí, ni wọ́n ń gbà tí wọ́n ń gbé lọ sílé.

Kí ló lè mú ọmọ èèyàn fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè Kara, lókè Tógò lọ́hùn-ún, kó la ilẹ̀ Benin já, kó wá máa ṣánko fún ẹni tí ò mọ̀ rí? Àwọn Kabiyé tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àgbẹ̀ paraku ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn kún fún òkúta, èèyàn sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kó lóko, ẹnu ló ń bá a lọ. Ọ̀dọ́ tó bá jókòó sílé lè ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún kó má rówó máṣíìnì. Ṣùgbọ́n ojúgbà rẹ̀ tó lọ sí Nàìjíríà léṣìí ti gun tiẹ̀ wọ abúlé, eruku ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọge ń wò ó. Ta ló fẹ́ jókòó sílé mọ́? Charles Piot, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ti ń bá àwọn Kabiyé ṣe wọléwọ̀de láti ọjọ́ pípẹ́, kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ló fúnra wọn fẹ́ lọ.

Ìrìn àjò náà kò gba owó púpọ̀, torí owó ọ̀hún ò sí. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń kó wọn, ọ̀gá tó ń dúró dè wọ́n a san owó ọkọ̀, a sì yọ ọ́ padà nínú èrè ọmọ náà. Àwọn kan ń gba Ṣakí wọlé, àwọn kan ń gba Sẹ̀mẹ̀. Láti 1979 làwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́, bó bá ṣáà ti ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Ìwé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ò ní. Òfin ní 90 ọjọ́, oko kòkó ní ọdún kan!

Ká má tan ara wa, iṣẹ́ kòkó nira. Nígbà òjò, igbó ni wọ́n ń ṣán, tí wọ́n á gbé tánkì oògùn pọ̀n sẹ́yìn, tí wọ́n á máa fín in sára igi kí èso má baà dúdú kó jẹrà. Ọ̀pọ̀ ò ní ìbọmú. Tó bá di nǹkan bí oṣù kẹwàá, ìkórè ńlá dé. Wọ́n á ká a, wọ́n á là á, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Tí kòkó kò bá kan, kò ní lóòórùn tí òyìnbó ń wá nínú ṣokoléètì.

Ṣé àwọn ọmọ tiwa ò lè ṣe é ni? Ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín tó tún ń pani lẹ́kún nìyẹn. Ọmọ onílé ń gun ọ̀kadà kiri Àkúrẹ́, ọmọ Tógò ń ro oko baba rẹ̀ kó lè ra ọ̀kadà.

Ibi tí ẹ̀rù wà ni àdéhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀gá ń di owó mú kí ọmọ má baà sá lọ kí ìkórè tó dé. Ọmọ náà fara mọ́ ọn, torí owó tó bá ń gbà lóṣooṣù á tán sọ́wọ́ oúnjẹ, tàbí kí olè jí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ejò bá ṣán an lóṣù kẹwàá ńkọ́? Bí ọ̀gá bá bá a jà nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì? Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, owó máṣíìnì fò sókè. Ẹni tó ti ṣàdéhùn ṣáájú ìgbà náà, ta ló máa fi owó kún un fún un? Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ojú àwọn olóko wá là. Ó yẹ kí ojú lébírà náà là díẹ̀.

Ti àwọn ọmọdé tún burú jù. Ní oṣù kẹrin 2003, àjọ Human Rights Watch gbé ìwé kan jáde nípa àwọn ọmọ Tógò tí wọ́n ń kó káàkiri. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní àwọn ti ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà, wákàtí gígùn, nígbà mìíràn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi san iṣẹ́ fún àwọn kan, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á lọ sí Tógò. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó! Ọdún 2003 yẹn náà ni ìjọba wa ṣòfin tó fi dá NAPTIP sílẹ̀, kí wọ́n lè mú àwọn tó ń kó ọmọ kiri.

Àwa náà ti jẹ nínú ìyà yìí rí. Ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì ṣàdéhùn, àwọn ọmọ Nàìjíríà, pàápàá láti ìhà Calabar àti ilẹ̀ Ìgbò, sì ń lọ ro oko kòkó ní erékùṣù Fernando Po. Ìyà náà pọ̀ débi pé láàárín 1975 sí 1976 ìjọba kó wọn padà wálé. Ní 1969, Ghana ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1983, àwa náà ṣe é fún àwọn ará Ghana, Tógò àti Benin.

Àwọn ọmọ òyìnbó náà ń ṣe oko lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n tiwọn ní ìwé nínú. Ní Australia, ọmọ ìlú òkèèrè tó gba físà ìsinmi òun iṣẹ́, tó sì fẹ́ lo ọdún kejì, ọ̀pọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ 88 ọjọ́ lóko tàbí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó wọn kì í dúró de ìparí ọdún.

Ní Oǹdó, olóko tó bá fẹ́ kí ojú òun mọ́ máa ń pe ẹlẹ́rìí méjì lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti lọ́jọ́ tó parí. Wọ́n á jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà á fọwọ́ kan máṣíìnì, á gbé e yí, á gbọ́ bó ṣe ń dún. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ sórí rìsíìtì, kì í ṣe ti ọ̀gá, torí ìwé yẹn ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ibodè títí dé Kara. Á di í ṣinṣin sínú àpò ṣòkòtò, á so ẹrù àti páànù ìseúnjẹ mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì. Àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀ ti dé láti àná.