Àpáàdì Tó Ń Gbé Iná Linux

Láyé ìgbà tí ìṣáná kò tíì pọ̀, bí iná bá kú mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́ nílùú Ìwó Olódò Ọbà, àpáàdì ni yóò fi rán ọmọ lọ sílé kejì. Ẹ̀yinná méjì péré ni ọmọ á gbé bọ̀. Wọn á fẹ́ ẹ, iná á ràn, ọbẹ̀ á sì jinná. Iná ilé kejì kò sì dín.

Fíláàṣì tí àwọn ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ń kó sápò lóde òní, àpáàdì ni òun náà. Ẹ jẹ́ ká ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan kọ̀, Windows inú rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ẹnjiníà á ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tàn án, á tẹ F12 tàbí Esc, á ní kó gba ojú fíláàṣì jí. Kò ní pẹ́ tí Linux á fi yọjú, tí olówó ẹ̀rọ á rí àwọn fáìlì tó ti rò pé wọ́n ti sọnù. Báwo ni iná ṣe dé inú àpáàdì yìí?

Kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò mọ nǹkan kan. Ètò tí yóò máa darí rẹ̀ wà lórí dísìkì, ṣùgbọ́n ó nílò ètò kan kó tó lè ka dísìkì. Ó dà bí ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń ṣí. Nítorí èyí ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ fi máa ń fi ètò kékeré kan sínú rẹ̀: BIOS layé àtijọ́, UEFI nísinsìnyí. BIOS kò gbọ́n púpọ̀. Báìtì 512 tó ṣíwájú lórí dísìkì ló ń kà. Bó bá bá àmì tó ń wá níbẹ̀, á jọ̀wọ́ ẹ̀rọ fún ètò tó wà níbẹ̀. Bí kò bá bá a, ó parí nìyẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, kéde pé òun ń fi ọwọ́ dilẹ̀ ṣe ètò kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà. Ètò yìí ló di Linux. Lọ́dún 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL tí Richard Stallman ti kọ sílẹ̀ ní 1989. Ohun tí ìwé náà wí kò ṣòro: lò ó, tún un ṣe, pín in fún ẹni tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe dí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bu iná kò gbọdọ̀ fi iná du ẹlòmíràn.

Àpáàdì àkọ́kọ́ tó gbé iná yìí kéré. Dísíkẹ́ẹ̀tì ni, 1.44 MB péré ló sì ń gbà. Nígbà tó di 1995, Phoenix àti IBM fẹnu kò sórí ìlànà El Torito, tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè jí láti orí CD. Ní 2000, Klaus Knopper ní Jámánì ṣe Knoppix: ẹ fi CD sí i, gbogbo Linux á ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan háàdì dísìkì, ẹ yọ ọ́, ẹ̀rọ á padà sí bó ti wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu, ẹ̀yà Linux mìíràn, jáde. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Canonical, sì ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, níbikíbi láyé, títí di 2011. Ẹni tó bá rántí bí íntánẹ́ẹ̀tì káfé ṣe ń falẹ̀ nígbà náà ló mọ iyì CD tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wálé.

Fíláàṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Fujio Masuoka ti ilé iṣẹ́ Toshiba ní Japan ti fi irú ìrántí tó wà nínú rẹ̀ han aráyé ní 1984, ṣùgbọ́n ọdún 2000 ni fíláàṣì tó ń wọ ojú USB dé ọjà. Èyí tí IBM tà, 8 MB ló ń gbà. Nígbà tí àyè rẹ̀ wá pọ̀ sí i, ìṣòro kan kù: Linux tí wọ́n ṣe fún CD kì í jí lórí fíláàṣì. Háàdì dísìkì ni BIOS ka fíláàṣì sí, báìtì 512 àkọ́kọ́ ló sì ń wò. Ìlànà CD sì fi 32 KB àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo. Inú òfìfo yẹn ni H. Peter Anvin, tó ṣe SYSLINUX, ètò tó ń jí Linux, rí ọ̀nà gbà. Ní nǹkan bí 2008, ó fi ètò ìjí síbẹ̀. CD kò bìkítà nípa rẹ̀, BIOS sì rí ohun tó ń wá. Fáìlì ISO kan ṣoṣo, ìyẹn odindi CD tí a kó sínú fáìlì kan, wá ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì.

Ìdí nìyí tí fífa fáìlì ISO sórí fíláàṣì bí ẹni fa orin kò fi tó. Odídẹrẹ́, ẹyẹ tí a fi ń mọ Ìwó, bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni yóò tún un wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò tó ń kọ fíláàṣì gbọdọ̀ ṣe: báìtì àkọ́kọ́ sípò àkọ́kọ́, títí dé òpin. Lórí Windows, Rufus tí Pete Batard gbé jáde ní 2011 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Lórí Linux, àṣẹ dd wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dd kì í bi ènìyàn léèrè. Ẹni tó bá kọ sda, orúkọ háàdì dísìkì, níbi tó yẹ kó kọ sdb, orúkọ fíláàṣì, lè pa háàdì dísìkì ara rẹ̀ rẹ́. Ohun gbogbo tó wà lórí fíláàṣì tẹ́lẹ̀ náà á lọ, ìbáà jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó tàbí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bowen ní Ìwó. Ẹ kó wọn kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Linux kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní 2007, nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 fún àwọn ọmọ ilé ìwé, Linux ti Mandriva ló yẹ kó wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀, tí ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, fi kọ lẹ́tà gbangba sí ọ̀gá Microsoft. Ní 2013, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan, fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ọ̀ṣun. Android ló wà nínú rẹ̀, Linux ló sì wà ní ìdí Android. Nígbà méjèèjì, àwọn àgbà ló pinnu iná tí yóò wà nínú ààrò. Ọmọ tó ń lò ó kò rí i bù fún ẹnikẹ́ni.

Fíláàṣì gbé ìpinnu yẹn lé olówó ẹ̀rọ lọ́wọ́. Fáìlì Linux Mint tó nǹkan bí 3 GB, ti Ubuntu ti lé ní 5 GB. Dátà kékeré kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní àdúgbò ni yóò san án, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọmọ ilé kejì bá wá kàn yín pẹ̀lú fíláàṣì òfìfo lọ́wọ́, ẹ bu iná fún un.