Ọkọ̀ Wo Ni Kò Níí Jẹ Owó Oṣù Tán?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń ra ọkọ̀ nítorí ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Mowe, Ibafo àti Ifo ni, àwọn tí ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú fà kúrò ní Èkó, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ oòjọ́ wọn kò bá wọn kúrò níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń bọ́ sí ojú títì. Kí wọ́n tó padà délé, adìyẹ ti wọlé sùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé ọkọ̀ ti ara ẹni nìkan ló lè gba àwọn sílẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ fún wọn ni pé, èló ni owó ìwé rẹ̀ lọ́dún? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé òun kọ́ ló yẹ kí ó ṣíwájú. Lóòótọ́ ni ìjọba ń gba owó púpọ̀ lórí ọkọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbà á gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò. Ohun tí a ń pè ní pátíkúlà kì í ṣe ìwé ẹyọ kan. Ìwé àṣẹ ọkọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi sí. Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó wà níbẹ̀. Ìwé adójútòfò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí òfin ọdún 1945 ti sọ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń wa ọkọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó adójútòfò yìí fún ọkọ̀ ara ẹni ti kúrò ní ₦5,000, tí ó di ₦15,000. Ní oṣù keje ọdún kan náà, àjọ Joint Tax Board kéde pé kí olúkúlùkù máa san ₦1,000 lọ́dọọdún fún ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ọkọ̀. Ariwo ta lórí ₦1,000 yìí. Ó yẹ kí á rántí pé àwọn Ẹ̀gbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọminú sí owó orí tuntun; owó orí wà lára ohun tí ó dá Ogun Adúbí sílẹ̀ ní ọdún 1918.

Síbẹ̀, mo gba ẹ níyànjú pé kí ẹ má ṣe kà adójútòfò kún owó ìfiṣòfò. Bí ọkọ̀ yín bá ba ohun ọlọ́hun jẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè san tó ₦3,000,000 fún ẹni náà lórúkọ yín. Kò níí tún ọkọ̀ tiyín ṣe o, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ló wà fún. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lójú pópó káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹni tí ó bá sì ra ayédèrú lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi ti sọ owó rẹ̀ nù ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wo owó orí tí kò sí nínú ìwé. Tòkúnbọ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé. Àwa náà ló fi orúkọ yìí pe ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ti lò lókè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1975, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, tí Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, olùkọ́ lè fi owó tí ó yá ra ọkọ̀ tuntun. Lẹ́yìn tí iye náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986, tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa mọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Èbúté nìkan ló kù. Ní ọdún 2022, owó ibodè lórí tòkúnbọ̀ di ìdá 20 nínú 100, wọ́n sì fi ìdá 15 nínú 100 lé e gẹ́gẹ́ bí àfikún. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò iye ọkọ̀ náà kí wọ́n tó sọ ọ́ di náírà. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó ibodè fò sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ìdá náà. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ọkọ̀, ẹ ti san owó orí náà tán, ẹ kò kàn rí rìsíìtì rẹ̀ ni.

Ní ọdún 2023 yìí kan náà, ìjọba ti fẹ́ fi ìdá 2 nínú 100 lé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 2000 títí dé 3999, kí wọ́n sì fi ìdá 4 lé èyí tí ó bá tó 4000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ Tinubu dá a dúró ní oṣù keje. Lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa tí ń gbé Ìlú Ọba, irú rẹ̀ ti di bárakú: láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ń fi èéfín tí ọkọ̀ tuntun ń tú ṣírò owó orí rẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tí ń ra ọkọ̀ níbẹ̀ máa ń wo ẹ́ńjìnnì kí ó tó wo àwọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ tiwọn wà, àwa sì ti fi irú ìyẹn sílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1972. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú tòkúnbọ̀ wa ti ń wá, níbi tí bẹntiróòlù kò ti wọ́n tó ti Yúróòpù, tí ẹ́ńjìnnì ńlá kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè tí epo ti pọ̀ yanturu ni a ń rà wá sí ojú ọ̀nà Mowe.

Ìṣirò ni ó kàn. Ẹ mú olùkọ́ kan tí ń gbé Mowe tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí á ka àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sí 60 kìlómítà lóòjọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 1600, tí lítà kan ń gbé e rin kìlómítà 10 nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, lítà 6 ni yóò jó. Bí ó bá jẹ́ 3000 tí lítà kan kò lè ju kìlómítà 6 lọ, lítà 10 ni. Ẹ jẹ́ kí á fi lítà sí ₦900. A kò tíì gbàgbé pé kò tó ₦200 kí Ààrẹ tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, ọkọ̀ kékeré yóò jẹ ₦118,800, ọkọ̀ ńlá yóò jẹ ₦198,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦79,200. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 jẹ́ ₦77,000. Ohun tí a ń sọ ni pé, ẹni tí ó ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá nítorí pé owó rẹ̀ rọjú ti gba ẹnìkan sí iṣẹ́ tí yóò máa san owó oṣù fún, ẹni náà kò sì níí gbálẹ̀ fún un. Gbogbo ìwé ọdún kan kò tó ìyàtọ̀ oṣù kan yìí.

Afẹ́fẹ́ gáàsì ni àwọn míràn ń sá tọ̀. Ibùdó tí wọ́n ti ń rà á wà ní Ibafo gan-an, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìwọ̀n kan nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ lítà bẹntiróòlù kan. ₦230 ni ní ọdún 2024, ó sì gòkè dé ₦380 ní àwọn ibùdó kan ní ọdún 2025. Ní ₦380, olùkọ́ ọlọ́kọ̀ kékeré wa yóò ná ₦50,160 lóṣù dípò ₦118,800. Bí títún ọkọ̀ náà ṣe fún gáàsì bá jẹ́ ₦800,000, bí ọdún kan ni yóò fi padà rí owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè yá a. Àmọ́ ṣá o, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ fún wẹ́dà tí yóò jó sílíńdà kan mọ́ inú búùtù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ìlú Bìní níbi tí ó ti ń gba gáàsì. Ìwádìí fi hàn pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí a kò ṣe fún irú gáàsì náà, ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Ifo ní ohun tí àwọn ará Mowe kò ní. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba Ifo kọjá. Níbẹ̀ náà ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Idogo ti yà. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń kó èrò láti Agbado lọ sí Oyingbo. Ẹni tí ó bá wọ kọ̀rọ̀pẹ́ dé Agbado, tí ó sì gun ọkọ̀ ojú irin, lè fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílé ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí ó sì gbé e jáde ní ọjọ́ tí ẹrù bá wà. Ọkọ̀ tí ó wà nílé kò mu epo, táyà rẹ̀ kò sì jẹ. Ṣùgbọ́n ₦15,000 adójútòfò rẹ̀ kò dín kọ́bọ̀ nítorí pé kò jáde.